Ẹ má tíì ra ẹ́ńjìnì o

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní bí ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ tó ń lo bẹntiróòlù bá ti ń gbọ̀n lójú kan, kí èèyàn gba Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ l'Ékòó, lọ ra ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Tó bá ń gbọ̀n nínú gosiló, àmọ́ tó ń lọ geere tó bá ń sáré lórí afárá Third Mainland, rọ́bà afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ kábúrétọ̀ (ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnì) ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Tó bá ti là, afẹ́fẹ́ á pọ̀ ju epo lọ. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i (ẹ má lo bẹntiróòlù o, iná ni!) nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, bí ìró rẹ̀ bá yí padà, ibẹ̀ ló ń jò. Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ púlọ́ọ̀gì, ohun tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnì, wò. Tí òróró ẹ́ńjìnì bá rin ín gbingbin, ìgbà yẹn la lè máa sọ̀rọ̀ Ládípọ̀.