Bí ará Vietnam bá bi ọ́ léèrè ọjọ́ orí, kì í ṣe àtojúbọ̀

Àwọn òyìnbó tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Hanoi ti kìlọ̀ fún mi: "Wọ́n á bi ẹ́ léèrè ọjọ́ orí ẹ. Má dá wọn lóhùn, àtojúbọ̀ ni." Ọ̀pọ̀ àjèjì ló gbà bẹ́ẹ̀.

Irọ́ ni.

Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ló pè mí síbi giỗ bàbá bàbá rẹ̀, ìyẹn ìrántí ọjọ́ tí olóògbé jáde láyé. Oúnjẹ ti wà níwájú pẹpẹ àwọn baba ńlá. A dúró kí tùràrí jó tán, kí wọ́n tó gbé e wá sórí ẹní. Mi ò tíì jókòó dáadáa tí màmá kan fi ní ọdún wo ni wọ́n bí mi. Mo ní 1990. Wọ́n fi ìka ṣírò, wọ́n ní ọdún ẹṣin ni nínú kàlẹ́ńdà wọn, tí wọ́n ń fi orúkọ ẹranko pe ọdún, ni gbogbo ilé bá rẹ́rìn-ín. Kíá, wọ́n ti rí àyè fún mi: ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi ọkùnrin, tí wọ́n bí ní 1988, di anh (ẹ̀gbọ́n ọkùnrin), èmi di em (àbúrò) rẹ̀. Màmá yẹn fúnra wọn, ẹ̀gbọ́n bàbá ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n, bác (ẹ̀gbọ́n òbí ẹni) ni màá máa pè wọ́n, èmi sì di cháu (ọmọ àbúrò).

Ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn: orúkọ ìbátan tí a ó máa lò dípò "èmi" àti "ìwọ". Lóòótọ́, tôi wà fún "èmi" nínú èdè wọn, ṣùgbọ́n bó o bá ń lò ó láàárín ẹbí, ńṣe lo dà bí ẹni tó kọ̀ tí kò wọlé. Àwa ní "ẹ" tó ń kó wa yọ lọ́wọ́ ẹni tá ò mọ̀. Àwọn ò ní in. Ọjọ́ orí nìkan kọ́ o: ọmọkùnrin ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ, anh ni wàá máa pè é, bó o tiẹ̀ fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ. Ẹni tó mọ̀ pé ọjọ́ ìgbéyàwó làgbà ìyàwó ilé á tètè lóye ẹ̀.

Ti "ṣé o ti lọ́kọ?" yẹn, mi ò ní parọ́, àtojúbọ̀ díẹ̀ wà ńbẹ̀. Àǹtí mi n'Íbàdàn ò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí wọ́n tó fọwọ́ kan oúnjẹ, àwọn ọmọdé ń pe àgbà wá jẹun lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kàn mí: "Cháu mời bác ăn cơm", ìyẹn "cháu ní kí bác wá jẹun." Ohùn mi ò tọ̀nà. Màmá yẹn kàn mú ìtan adìyẹ, wọ́n fi í sínú abọ́ mi.