Ta Ló Jókòó sí Àyè Mi?

Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ní Adó-Èkìtì, ẹni tó bá mọ̀ wá mọ̀ pé kì í ṣe àsìkò tí à ń pe èèyàn síta. A ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, iṣu ti jinná, odó ti ń dún láti ojúlé dé ojúlé. Àmọ́ lọ́jọ́ Àìkú tí mò ń wí yìí, nínú ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan ní Basiri, ọkùnrin méjì tí wọ́n ti bímọ ti gbá ara wọn lọ́rùn aṣọ mú nítorí ará Jámánì kan tí kò mọ̀ wọ́n rí.

“Kò yẹ kó padà wá rárá!”

“Ta lò ń bá wí? Ẹni tó gba adé lẹ́ẹ̀méje! Ìwọ tó o padà lọ ṣe WAEC lẹ́ẹ̀mẹrin ńkọ́, ta ló ní kò yẹ kó o padà?”

Ọ̀rọ̀ Michael Schumacher ni, awakọ̀ eré ìje ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Fọ́múlà Wáàn. Ó fẹ̀yìn tì lọ́dún 2006, ó tún padà dé lọ́dún 2010, ó wa ọkọ̀ Mercedes fún ọdún mẹ́ta gbáko, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì wà lára ẹni mẹ́ta àkọ́kọ́: ipò kẹta, ní Valencia, lọ́dún 2012. Lójú ẹni èkíní, ó dà bíi tíṣà tó ti gba owó ìfẹ̀yìntì jẹ tán, tó wá padà sí kíláàsì lọ ń bá àwọn ọmọ àná du ṣọ́ọ̀kì. Lójú ẹnì kejì, ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì tó ṣe ipò kẹta láàárín àwọn tí irùngbọ̀n wọn kò tíì kún, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi Róòbù pa orúnkún, ó tó ẹni tí à ń kí kú oríire. Èmi ní tèmi, bẹ́ǹṣì tí ìṣó kò yọ lára rẹ̀ ni mò ń wá.

N kò mọ ọjọ́ tí àrùn yìí wọ̀lú. Bọ́ọ̀lù la mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ti di ti tẹrú-tọmọ: ìyá tó ń ta ata mọ ẹni tó gbá pẹnárítì síta, kátíkíìsì ń yọ́ fóònù wò láti mọ àbọ̀ eré kí ìwàásù tó parí. Iyì wo ló tún kù níbẹ̀ fún ọ̀làjú? Ni àwọn kan bá kó ẹrù wọn, ó di ìdí Fọ́múlà Wáàn, níbi tí ìyá aláta kò tíì dé.

Ẹ kò ní í ṣì wọ́n mọ̀. Fìlà pupa ní ń bẹ lórí wọn, Ọjà Ọba ni wọ́n ti rà á, Ferrari tí wọ́n kọ sí i lára kò sì ní ju R kan lọ. Nígbà tí awakọ̀ Lewis Hamilton kúrò ní ẹgbẹ́ Mercedes bọ́ sí ẹgbẹ́ Ferrari lọ́dún 2025, kí ọ̀sẹ̀ tó yí po ni àwọn míì ti pa ẹ̀sìn dà, tí fìlà dúdú ti Mercedes di ohun tí wọ́n fi ń nu ìjókòó ọ̀kadà. “Àwa” sì ni wọ́n máa ń sọ. “Táyà wa ló jẹ tán lọ́jọ́ náà.” “Ó yẹ kí wọ́n ti pè wá wọlé tipẹ́.” Mo yọjú wo ọ̀kadà ẹni tó ń kédàárò táyà yìí níta. Táyà tirẹ̀ ń dán bí orí apárí.

Ẹ jẹ́ n padà sórí ìpadàbọ̀, nítorí òun ni wọ́n fi ń jẹun. Bí ẹnì kan bá ti dárúkọ Niki Lauda, gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1976, iná mú ọmọ ilẹ̀ Austria yìí mọ́nú ọkọ̀ ní Nürburgring, àlùfáà gbàdúrà ìkẹyìn sí i lórí ní ọsibítù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, òun náà ló jókòó sínú ọkọ̀ ní Monza, egbò orí rẹ̀ kò tíì jinná, ó sì ṣe ipò kẹrin. Kò tán síbẹ̀. Ó fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1979, ó padà lọ́dún 1982, nígbà tó di 1984 ó gba adé, ìdajì máàkì ló sì fi ju awakọ̀ Alain Prost lọ. Ìdajì! Alápatà kì í gé ẹran sí kékeré tó bẹ́ẹ̀. Omijé ti ń ro lójú ẹni tó ń sọ ìtàn yìí fún wa. Ọmọkùnrin náà ní ibà lóṣù tó kọjá, kò sì tíì padà síbi iṣẹ́ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Èkìtì ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n ń lọ kọ́ ìpadàbọ̀ lókè òkun. Ṣé àwa yìí? Ayọ̀délé Fáyóṣe kúrò lórí àga gómìnà lọ́dún 2006, ó padà sórí rẹ̀ lọ́dún 2014. Káyọ̀dé Fáyẹmí tó gbé àga náà fún un tún padà wá gbà á lọ́dún 2018. Ìpínlẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1996 lásán-làsàn, ó ti ní méjì! N kò sọ pé táyà ta ló jẹ tán níbẹ̀ o. Mo níyàwó, mo lọ́mọ.

Mo wá rò ó pé kí n fi ọgbọ́n àgbà díẹ̀ kún un. Mo ní Alain Prost yìí kan náà fi odindi ọdún 1992 sinmi, ìdíje tó kọ́kọ́ padà sí lọ́dún 1993, ní Kyalami, ní Gúúsù Áfíríkà níbí, ó gbégbá orókè, ó gba adé ọdún náà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ yẹn, ìdíje náà kò tíì tún fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ wo ìpadàbọ̀ tó ṣẹlẹ̀ nítòsí wa! Ọmọ onífìlà kan wò mí láti òkè délẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ti pẹ́ jù.” Ti 1976 kò pẹ́. Ti 1993 ló pẹ́.

Àmọ́ gbogbo èyí, àwàdà ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ ìjókòó. Nínú gbogbo wa tó wà níbẹ̀, n kò rò pé ẹni méjì ní ìwé ìrìnnà. Síbẹ̀, ibi tó yẹ kéèyàn jókòó sí ní Mónákò, níbi tí ìdíje ọjọ́ náà ti ń wáyé, fẹ́rẹ̀ẹ́ da ilé rú. Ọmọkùnrin kan ti ya páálí Indomie, ó fi báírò ya òpópónà Mónákò sí i lára, ó fi ìdérí ìgò ṣe mọ́tò, ó tẹ́ ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé òkun nìyẹn. Ó ń fi ìka tọ́ka. Kọ́nà Tabac ló dára jù, ó ní, nítorí èèyàn á rí ọkọ̀ bó ṣe ń bọ̀ létí òkun. Ẹlòmíì ní irọ́, ìdí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ni. Ẹnì kẹta, ẹni tó dàgbà díẹ̀, ní kí àwọn ọmọdé lọ jókòó jẹ́ẹ́, pé ibi kọ́nà tó ká bí apá ife nì ni àgbà ń jókòó sí, nítorí kò sí kọ́nà tí wọ́n ń rọra gbà tó o nínú gbogbo ìdíje ọdún. Bí àádọ́ta kìlómítà ní wákàtí kan ni, ojú á ráyè rí awakọ̀ kedere.

Àádọ́ta! Ọ̀kadà tó gbé mi débẹ̀ yára ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó ń fo gọ́tà, àpò gàrí sì wà láàárín èmi àti ọlọ́kadà.

“Oòrùn á máa ran ẹni tó bá jókòó síhìn-ín lójú,” ni oní-páálí kìlọ̀, “ẹ má gbàgbé fìlà.” Ẹ̀yin èèyàn mi, ohùn tó fi sọ ọ́ ni ohùn ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè ní gáréèjì. Ẹni kan tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n tún fò dé Spa, ní Bẹ́ljíọ̀mù. Wọ́n ní òpópónà ibẹ̀ gùn ní kìlómítà méje, pé òjò lè máa rọ̀ lápá kan kí apá kejì gbẹ táútáú. Bí iṣẹ́ ìyanu ni wọ́n ń sọ ọ́. Ọmọ Adó ni gbogbo wa. Òjò ti ń rọ̀ ní Ajílòsùn kí aṣọ máa gbẹ ní Basiri látìgbà ìwáṣẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń san owó ìwòran. Ní Spa yìí náà lọ́dún 2021, ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn jókòó sínú òjò fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ìyípo díẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ sì rìn lẹ́yìn ọkọ̀ tó ń ṣáájú wọn kí wọ́n má baà sáré, wọ́n pín ìdajì máàkì, oníkálukú gba ilé lọ. Ìjókòó tó dára jù lọ́jọ́ yẹn, tinú ilé ni.

Kí ẹ sì wá wo bí a ṣe jókòó ní Basiri! Ọ̀rẹ́ onílé ló ni ìlà iwájú, lábẹ́ fáànù. Ìlà kejì, òpó ló wà níwájú yín, ẹ ó máa rí imú ọkọ̀ lápá ọ̀tún àti ìdí rẹ̀ lápá òsì. Ẹ̀yìn pátápátá, jẹnẹrétọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ etí yín, ẹ kò ní í gbọ́ ohun tí alálàyé ń sọ, àmọ́ ibẹ̀ nìkan lẹ ti lè gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì gidi, kí ẹ sì gbọ́ òórùn epo. Ẹni tó bá jáde lọ tọ̀, bẹ́ǹṣì rẹ̀ ti lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n jà sí èyí lójú mi, oní-páálí wà nínú ìjà kejì.

Ìdíje fúnra rẹ̀? Ìyípo méjìdínlọ́gọ́rin. Òpópónà Mónákò há, ẹni tó wà níwájú ló máa ń wà níwájú. Lọ́dún 2024, ẹni mẹ́wàá tó ṣáájú ní ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n parí ní ipò kan náà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, bí ẹgbẹ́ akọrin ṣe ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tó ń mú wọn pariwo jù ni pípààrọ̀ táyà. Ọ̀gá fọkanáísà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Ìyìn, tó jókòó níwájú mi, ló ṣàlàyé fún mi: ní Qatar lọ́dún 2023, ẹgbẹ́ McLaren pààrọ̀ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 1.80. Ó ka ìka sí i. “Kí o tó sín, wọ́n ti ṣe é tán!”

Ẹnì kan fi orí bọ ojú fèrèsé. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo ti ń dúró láti aago kan ààbọ̀. Táyà kan péré ni.”

“Dúró ná,” ni ọ̀gá dáhùn, kò tilẹ̀ yíjú. “Wọ́n fẹ́ pààrọ̀ táyà.”

Nígbà tó ku ìyípo mẹ́jọ, jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dákẹ́. Kò sẹ́ni tó bínú púpọ̀. A ti mọ ẹni tó máa gbà á láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Aago mẹ́rin kọjá kí n tó délé. Odó àdúgbò ti dákẹ́ tipẹ́. Mo ṣílẹ̀kùn, àbúrò ìyàwó mi ló jókòó sórí àga mi nídìí tábìlì, iyán funfun báláú níwájú rẹ̀, ẹran ìgbẹ́ tí mo fowó ara mi rà ní Ìkẹ́rẹ́ ń yọrí nínú ẹ̀gúsí.

“Ta ló jókòó sí àyè mi?”

Ìyàwó mi kò gbójú sókè. “Bàbá Ṣadé, ẹ káàbọ̀. Ẹ dúró síbi ilẹ̀kùn yẹn. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ibi kọ́nà lèèyàn ti ń ríran dáadáa. Ẹ ó rí i kedere bí òkèlè ṣe ń kọjá.”