Ẹ Sọ fún Kọ̀ǹpútà Yín pé Yorùbá Lẹ̀ Ń Kọ

Èrò ọkàn mi rèé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á.

Nígbà tí màmá wa papòdà, èmi ni ẹbí ní kí n kọ oríkì wọn sínú ìwé ètò ìsìnkú. Mo tẹ̀ ẹ́ fúnra mi, mo fi àmì sí i látòkèdélẹ̀, mo wá fi ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin kan tó máa tò ó sójú ìwé. Ọmọ tó mọṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé dé, Àbẹ̀kẹ́ ti di "Abeke". "Ọmọ Ilé Olújì" ti di "Omo Isle Oluji". Níbi tí mo kọ "rí i" sí, "ri I" ló wà níbẹ̀.

Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Ẹ má bínú mà. Gbogbo ẹ̀ ló ní ìlà pupa nídìí, mo rò pé àṣìṣe ni. Mo yọ àmì wọn kúrò bóyá pupa yẹn á lọ, kò lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. N ò bínú sí ọmọ náà rárá. Ohun tó dùn mí ni pé ọmọ Yorùbá rí oríkì ìyá arúgbó, ó sì gba ẹ̀rọ gbọ́ pé àṣìṣe ni. Láti 1875 ni àwọn àgbà ti jókòó ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè yìí sílẹ̀, wọ́n tún un ṣe ní 1974 sí èyí tí à ń lò lónìí. Ìlà pupa kan ò gbọdọ̀ fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Ẹ sì wò ó, ó yọ àmì, pupa ò lọ. Àmì kọ́ ni ìṣòro. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n yàn fún kọ̀ǹpútà yẹn, òfin Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi ń yẹ ọ̀rọ̀ wa wò. Lọ́dọ̀ tiwọn, "i" tó bá dá dúró, "èmi" ló ń jẹ́, lẹ́tà ńlá sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Tiwa yàtọ̀: rí i, kí i, fi í.

Bí Word lẹ̀ ń lò, ẹ tẹ Ctrl àti A kí gbogbo ọ̀rọ̀ náà lè dúdú. Ẹ lọ sí Review, Language, Set Proofing Language, kí ẹ wá Yoruba níbẹ̀, kí ẹ tẹ OK. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá wà nínú ìwé kan náà, ìpínrọ̀ Yorùbá nìkan ni kí ẹ mú. Èyí ò ní bá yín fi àmì sórí ọ̀rọ̀ o, iṣẹ́ kíbọọ̀dù nìyẹn, Windows sì ní ti Yorùbá nínú. Ṣùgbọ́n kò ní fi ojú Gẹ̀ẹ́sì wo Àbẹ̀kẹ́ mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé, ẹ̀yin akọ̀wé ìjọ, ẹ̀yin olùkọ́ kọ̀ǹpútà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ ṣe é kí ẹ tó tẹ ìwé míì. Ẹni tí kò bá rí Yoruba lórí tirẹ̀, kó kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, màá dá a lóhùn.