Òtútù oko kọ́ ló ń dí raspberry lọ́wọ́ lọ́dọ̀ wa

Lóṣù kejìlá tó kọjá, oníbàárà mi kan tó ń ṣe kéèkì wá bá mi níbi tí mo ti ń ta ẹja yìnyín ní Kubwa, l'Abuja. Ó ní ṣé n kò lè bá òun wá raspberry, èso òyìnbó kékeré tí hóró kéékèèké lẹ̀ mọ́ra, láti Jos, bí mo ṣe máa ń bá òun wá strawberry. Kí n tó fèsì, ìyá àgbà kan tó ń ra kòtè ti dá a lóhùn: “Ọmọ mi, ìyẹn kì í so níbí. Èso ilẹ̀ òtútù ni. Oòrùn wa yìí á pa á.” Àwọn tó dúró níbẹ̀ mi orí, wọ́n ní òótọ́ ni màmá sọ.

Kò sí ẹni tí mo lè bá jà nínú wọn. Èmi gan-an ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n mo ti wádìí rẹ̀ láti ìgbà náà, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kò dúró. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé ó ń jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tó ní ilẹ̀ àti owó díẹ̀ lọ́wọ́ pa èrò náà tì, tàbí kí wọ́n ná owó náà síbi tí kò yẹ.

Jos ni wọ́n bí mi sí. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi, bíi ti ọ̀pọ̀ Yorùbá tó tẹ̀lé rélùwéè àti kùsà tánganran gun òkè yẹn lọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, èso inú àwòrán ni strawberry jẹ́ fún wa, wọ́n ní kò lè hù lọ́dọ̀ wa. Lónìí, tí ẹ bá dé agbègbè Vom, nítòsí Jos, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ó fi ojú ara yín rí oko rẹ̀. Pòtétò òyìnbó tí à ń dín jẹ l'Abuja, Plateau ni púpọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wá. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé ohun kan “kì í so níbí”, mo máa ń fẹ́ mọ irú èyí tí wọ́n gbìn àti ibi tí wọ́n gbìn ín sí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún ọ̀rọ̀ màmá yẹn ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, nítorí ó nídìí. Gbòǹgbò raspberry àti ti blackberry, èso dúdú tó bá a tan, máa ń wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ọ̀pá tó ń yọ lára rẹ̀ kì í ju ọdún méjì lọ. Lọ́dún kìíní, ọ̀pá á yọ, á ga, á rúwé. Nígbà tí òtútù bá dé, á sùn. Lọ́dún kejì ni á tó yọ òdòdó, á so, á sì kú, nígbà tí ọ̀pá mìíràn á ti máa yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oorun yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Ẹ̀hù tó sùn kì í jí dáadáa bí kò bá tíì lo iye wákàtí kan nínú òtútù tó wà láàárín ìwọ̀n 0 sí 7 lórí ìwọ̀n Celsius. Ọ̀pọ̀ raspberry tí wọ́n mọ̀ ní Yúróòpù ń fẹ́ ju 800 wákàtí lọ. Tí ẹ bá to ìyẹn pọ̀ tọ̀sán-tòru, ó ju oṣù kan gbáko lọ. Ẹni tó bá gbin irú yẹn sí ilẹ̀ wa á rí ewé títí, kò ní rí èso tó kún ọwọ́. Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti mú ọ̀rọ̀ náà, tí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo raspberry.

Ṣùgbọ́n irú kan kọ́ ló wà. Ní 1969, wọ́n gbé raspberry kan jáde ní ìpínlẹ̀ New York tí wọ́n pè ní Heritage. Orí ọ̀pá ọdún kìíní, lókè téńté, ni ìyẹn ti ń so, kò nílò kí ó kọ́kọ́ sùn. Ní 2004, Yunifásítì Arkansas gbé blackberry tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ jáde, Prime-Jan àti Prime-Jim. Èyí nìkan ti tó láti yí ọ̀rọ̀ padà.

Ẹ wá wo Mexico. Ní ìpínlẹ̀ Michoacán, lórí ilẹ̀ olókè tí òtútù rẹ̀ kò tó nǹkan, wọ́n ń gbin blackberry tó pọ̀ débi pé orílẹ̀-èdè náà wà lára àwọn tó ń kó o lọ tà sí òkèèrè jù lọ láyé. Irú tí wọ́n fi gbé òwò náà dìde ń jẹ́ Tupy. Brazil ló ti wá, ilé iṣẹ́ ìwádìí Embrapa ló gbé e jáde ní Pelotas ní 1988. Àgbẹ̀ Michoacán kì í dúró de òtútù. Wọ́n á fín oògùn sí ewé kí ó lè wọ́ dànù, wọ́n á gé ọ̀pá, wọ́n á tún fín oògùn tó ń jí ẹ̀hù. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mú un sùn, ọwọ́ náà ni wọ́n fi ń jí i. Ní Colombia àti Ecuador, tí ìlà agbedeméjì ayé gba inú wọn kọjá, blackberry orí òkè tí wọ́n ń pè ní mora ń so yípo ọdún. Raspberry kan tún wà tó wá láti ilẹ̀ India, tí wọ́n fi orúkọ Mysore pè. Nígbà tó dé erékùṣù Galápagos, ó di igbó tí wọ́n ń bá jà títí dòní. Ohun tí oòrùn yẹ kó pa ló gba ilẹ̀ mọ́ onílẹ̀ lọ́wọ́ yẹn.

Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi òtútù sínú ọ̀pá kí ó tó dé oko. Ní Netherlands, àwọn tó ń tọ́ ọ̀gbìn máa ń tọ́ ọ̀pá raspberry dàgbà, wọ́n á kó o sí yàrá òtútù títí iye wákàtí rẹ̀ á fi pé, ẹni tó rà á á sì lọ gbìn ín síbi tó bá wù ú.

Àwọn kan wà tí wọn kò gbà pẹ̀lú màmá, ṣùgbọ́n àṣìṣe kan náà ni wọ́n ń ṣe láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Wọ́n á ní, “Jos tutù bíi London, ẹ lọ gbìn ín síbẹ̀.” Inú ọyẹ́ Jos ni mo dàgbà sí. Mo mọ bí ètè ṣe ń là níbẹ̀, mo mọ omi àárọ̀ tó ń ta èèyàn lọ́wọ́ bí abẹ́rẹ́. Síbẹ̀, òru ọyẹ́ Jos sábà máa ń wà ní bíi 10 sí 15, ọ̀sán á sì tún gòkè kọjá 25. Kì í sábà sọ̀ kalẹ̀ dé 7 tí mo ń sọ. Ohun tí Jos fi dára ju Abuja lọ kì í ṣe pé ó ń mú igi sùn, ó jẹ́ pé kì í sun igi. Jos ga tó bíi 1,200 mítà ju ojú òkun lọ, Abuja kò tó 500. Ní oṣù kẹta, ooru Gwagwalada, l'Abuja níbí, lè kọjá 36, bẹ́ẹ̀ raspberry kò fẹ́ ohun tó bá kọjá 30. Nínú irú ooru bẹ́ẹ̀, òdòdó blackberry tó ń so lọ́dún kìíní kì í di èso dáadáa, oòrùn a sì máa sọ hóró ara raspberry di funfun. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ ní Gwagwalada, kó jọ̀wọ́ gbin nǹkan mìíràn sí i. Ẹni tó bá ní in ní Jos tàbí lórí òkè Mambilla, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀.

Ibi tí mo ń lọ nìyí. Òtútù tí a kò ní kì í ṣe ti oko. Ti ẹ̀yìn ìkórè ni.

Nígbà tí ẹ bá já raspberry, àárín rẹ̀ á kù sára igi, èso á sì ṣófo bíi fìlà. Blackberry máa ń gbé àárín tirẹ̀ wá, ìdí nìyẹn tó fi le díẹ̀ jù ú lọ. Ti raspberry, hóró kéékèèké ló lẹ̀ mọ́ra, kò sí èèpo kan tó bò wọ́n pa pọ̀, kò sì sí ohun kan nínú tó gbé e ró. Tí ẹ bá kó o jọ gègèrè, ti ìsàlẹ̀ á fọ́. Kì í sì í ṣe bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí èèyàn lè bẹ́ ní tútù kó máa pọ́n bọ̀ lọ́nà. Ìgbà tó bá pọ́n tán ni wọ́n ń já a, láti ìṣẹ́jú yẹn ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Nínú òtútù tó súnmọ́ 0, ó lè lo ọjọ́ méjì sí márùn-ún. Gbogbo ìwọ̀n 10 tí ooru bá fi lé sí i, bíbàjẹ́ rẹ̀ á yára ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń tà á níbòmíràn fi ń já a láàárọ̀ kùtù sínú ike pẹlẹbẹ tí oníbàárà á gbé lọ sílé gan-an. Wọn kì í dà á láti inú ike kan sí òmíràn, wọn kì í fọ̀ ọ́, kíá ni wọ́n sì ń gbé e wọ yàrá tí atẹ́gùn tútù ti ń fẹ́ la àárín ike náà kọjá.

Ẹ wá fi èyí wé bí strawberry mi ṣe ń dé. Ọ̀sán ni wọ́n ń já a. Wọ́n á dà á sínú apẹ̀rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ á wọ mọ́tò èrò, mọ́tò á dúró títí èrò á fi kún. Ní Hawan Kibo, níbi tí ọ̀nà ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ooru á pàdé rẹ̀. Akwanga, Keffi, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya. Nígbà tí mo bá fi máa ṣí i ní Kubwa, omi pupa á ti máa jò nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, apẹ̀rẹ̀ mẹ́fà ni mo gbà lọ́jọ́ kan, èyí tí mo rí tà nínú rẹ̀ kò kún méjì. Mo jókòó ti ìyókù, mo sunkún. Àgbẹ̀ kò jẹ̀bi níbẹ̀. Oko ti ṣe tirẹ̀ parí, èso ti so, ó sì dùn. Strawberry tó ní ẹran nínú nìyẹn o. Raspberry kò ní dé Akwanga.

Ẹnì kan ní, “Ṣebí ẹ ní kóòdù rúùmù?” Mo ní in, ẹja ló wà nínú rẹ̀. Ìwọ̀n 18 sísàlẹ̀ òdo ni ẹja yìnyín ń fẹ́. Èso tútù tó bá wọ ibẹ̀ á di òkúta, tó bá yọ́, á rọ̀ pẹ̀tẹ̀, òórùn ẹja á sì ti wọ̀ ọ́ lára. Yàrá tí èso tútù ń fẹ́ ni èyí tó dúró sí 0 tàbí díẹ̀ lókè rẹ̀, tí ọ̀rinrin inú rẹ̀ tó 90 sí 95 nínú ọgọ́rùn-ún, tí iná rẹ̀ kì í lọ. Àwa tí à ń ra dísẹ́ẹ̀lì sí jẹnẹrétọ̀ mọ iye tí iná tí kì í lọ ń ná èèyàn.

Bí ẹnì kan bá wá fẹ́ wọ òwò yìí, kó kọ́kọ́ mọ ibi tí èso á wà ní wákàtí kìíní tí wọ́n bá já a, kó tó máa ronú oko. Ní Serbia, tí raspberry rẹ̀ lókìkí ní Yúróòpù, dídì ni wọ́n ń dì í sí yìnyín kí wọ́n tó kó púpọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ tà. Púpọ̀ nínú mora ti Colombia, omi èso àti jáàmù ló ń dà. Èyí ni mo rò pé ó bá wa mu jù. Raspberry dídì tó wà ní súpámákẹ́ẹ̀tì Abuja, òkè òkun ló ti ń wá. Ẹni tó bá lè dì í ní Bukuru, lẹ́bàá Jos, lọ́jọ́ tí wọ́n já a, ó ti rí ọjà, àwa oníyìnyín á sì wúlò fún un níkẹyìn, níwọ̀n ìgbà tí ẹja bá ti ní yàrá tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ omi náà wà níbẹ̀. Èso tó bá pọ́n sínú òjò á bu, gbòǹgbò tó bá dúró sínú omi á rà, bẹ́ẹ̀ òjò Jos ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí dé ìkẹwàá. Ẹ̀ẹ̀rùn ló yẹ kó ti máa pọ́n, lórí ebè tó ga. Adágún tí àwọn oníkùsà gbẹ́ sílẹ̀, tí àwọn àgbẹ̀ fi ń bomi rin pòtétò àti kábéèjì, lè ṣe é.

Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta hóró raspberry lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àgbẹ̀ tó fẹ́ tà kì í fi hóró gbìn ín, nítorí ọmọ kì í jọ ìyá. Ẹ̀hù ẹ̀bá gbòǹgbò ni wọ́n ń yà, tàbí èyí tí wọ́n tọ́ nínú ìgò ní láàbù. Ti blackberry, orí ọ̀pá tó bá tẹ̀ kan ilẹ̀ á ta gbòǹgbò fúnra rẹ̀. Mo ra “blackberry” méjì rí lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ta ọ̀gbìn, mo gbìn wọ́n sẹ́yìnkùlé. Wọ́n di igi tó ga ju fẹ́ńsì lọ. Mulberry ni. Èso rẹ̀ dára, àwọn ọmọ ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kò bá blackberry tan. Igi tòótọ́ ní láti wá láti òkèèrè, kò sì gbọdọ̀ wá nínú báàgì ìrìnàjò. Nigeria Agricultural Quarantine Service, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọ̀gbìn wò kó tó wọlé, la ti ń gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Ẹni tó rí ohun tí Tuta absoluta, kòkòrò tó ti òkèèrè wọlé, ṣe sí tòmátò Kaduna àti Kano ní 2016 kò ní pe ìwé yẹn ní ìyọnu lásán.

Strawberry ni èmi á kọ́kọ́ fi dánra wò. Mo ti bá àgbẹ̀ mẹ́ta sọ̀rọ̀ ní Vom: ní ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni wọ́n á já a, inú ike pẹlẹbẹ ni wọ́n á já a sí, kúlà oníyìnyín ni á sì gbé e wá, nínú mọ́tò tí mo háyà fúnra mi, tí kò ní dúró de èrò. Bí ó bá gba Nyanya kọjá tí omi pupa kò jò, nígbà náà ni màá lọ béèrè ìwé àṣẹ fún Heritage.