Kí Kásẹ́ẹ̀tì Èkìtì Tó Jẹrà Tán

Àwọn àgbẹ̀ onírẹsì mọ ọgbọ́n kan tí wọ́n fi ń lé ẹyẹ. Wọn a tú okùn inú kásẹ́ẹ̀tì, wọn a ta á láti orí igi kan dé orí èkejì yí oko ká. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, a máa kùn hùnhùn, a máa kọ mànà nínú oòrùn, ẹyẹ ò sì ní lè bà. A ò bá àgbẹ̀ wí, oúnjẹ ẹnu wa ni wọ́n ń ṣọ́. Ohun tí à ń bi ara wa ni pé: ohùn ta ló wà lórí okùn yẹn?

Fáàrí àwọn ọ̀dọ́ òde òní ló mú wa béèrè. Ayé ọdún 2000 sí 2009 ti padà wọ̀lú. Àwọn ọmọ tí wọn ò tíì dáyé nígbà tí fóònù GSM wọ Nàìjíríà lóṣù kẹjọ ọdún 2001 ló ń wọ ṣòkòtò bàgí kiri Ìwórókò àti Ọ̀yẹ́, tí wọ́n ń bi ìyá wọn bóyá Nokia àtijọ́ ṣì wà nínú àpótí. Bí wọ́n bá ń ṣe òde, orin ìgbà náà ni wọ́n ń lù mọ́jú. Inú wa dùn sí i, nítorí ó pẹ́ tí a ti ń ráhùn pé ọmọ ìsinsìnyí kì í bojú wẹ̀yìn.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ohun tí wọ́n ń lù. Yahooze tí Olu Maintain gbé jáde ní 2007 ni. Ẹ wo ẹni tí wọ́n ń sín jẹ: Toyin Tòmátò tí Sola Sobowale ṣe nínú Super Story, eré tí odindi àdúgbò ń sáré jẹun dè lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ lórí NTA. Àwa náà gbádùn wọn, a ò sì ní kí ẹnikẹ́ni má lù wọ́n. Èkó ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Àwọn ará Èkó rówó, wọ́n rí ẹ̀rọ, wọ́n sì ti kó tiwọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ Èkìtì tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe fáàrí nílùú tirẹ̀ lọ́dún 2003 kò ní rí nǹkan wò. Yóò kàn gbà pé ńṣe la jókòó tí à ń wo Èkó.

A ò jókòó. Ẹlẹ́mùré Ògúnyẹmí, ọmọ wa tó jẹ́ olórin, fi ẹ̀ka-èdè Èkìtì kọrin láìbẹ̀rù pé ará Ọ̀yọ́ kò ní gbọ́. Yínká Ayéfẹ́lẹ́, ọmọ Ìpótì, ni jàǹbá ọkọ̀ sọ di ẹni tó ń jókòó sórí kẹ̀kẹ́ ní 1997; kásẹ́ẹ̀tì Bitter Experience tó gbé jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, tí túngbá, irú orin tó ń kọ, fi gba gbogbo òde ìnáwó. Àwọn wọ̀nyí lórúkọ, orin wọn ò ní tètè parun. Ẹ̀rù àwọn tí òkìkí wọn ò kọjá Ìta-Ògbólú ló ń bà wá: àwọn ìyá tó ń dá alámọ̀, orin ohùn àwọn obìnrin Èkìtì, níbi òkú àgbà, ọmọkùnrin tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù níbi ìgbéyàwó, aláwàdà tó ń pa àwọn àlejò lẹ́rìn-ín lábẹ́ àtíbàbà. Àwọn onífídíò tó ń gbé kámẹ́rà léjìká kiri òde ló ká wọn sílẹ̀, kò sì sí ẹ̀dà mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká mú aṣọ nìkan. Nígbà tí Ó Le Kú, fíìmù Túndé Kèlání, jáde ní 1997, Èkìtì gẹ́gẹ́ bí ìpínlẹ̀ kò tíì ju bí ọmọ tó ń rìn tẹ̀ẹ̀tẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí ìró kúkúrú àti bùbá inú fíìmù náà fi di aṣọ ẹgbẹ́, tí àwọn télọ̀ ń pè é ní Olekú. Bó ṣe rí lára àwọn ìyá wa ní Ìkéré àti Ìjerò, bí wọ́n ṣe ń wé gèlè sí i, bí ìyá àgbà ṣe ń yọ ṣùtì sí orúnkún tó hàn, fídíò òde ló kù tó lè sọ ọ́.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú àwa tí à ń ṣe ìwé ìròyìn yìí gbé kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan wá sí ọ́fíìsì. Wọ́n fi báírò kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀: ÌSÌNKÚ BÀBÁ, 2003. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ti rí i, nínú àpò ìrẹsì. Nígbà tí a ṣí ìdérí rẹ̀, nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun ti bo etí okùn náà, ó ń rùn bí aṣọ tútù tí wọn ò sá. Bàbá kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Òkèṣà fi òwú nù ún fún odindi ọ̀sán kan kó tó fi sẹ́nu ẹ̀rọ. Ìṣẹ́jú 11 péré la rí wò. Òjò ń rọ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n, ohùn ń fà bí ti ẹni tí oorun ń kùn, ṣùgbọ́n ìyá àgbà ilé náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, ó ń ki ọkọ rẹ̀ ní oríkì tí ẹnikẹ́ni nínú ilé ọ̀hún ò mọ̀ mọ́. Uṣu ló ń pe iṣu, bí wọ́n ṣe ń pè é kí ilé ìwé tó yí i padà lẹ́nu àwa ọmọ. Ó dé orí bàbá tó bí bàbá ọkọ rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó fẹ́ dárúkọ. Okùn já. Ìyá náà ti kú láti 2009.

Kò sí awo kankan níbẹ̀. Ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni okùn kásẹ́ẹ̀tì, eruku irin ni wọ́n fi àtè lẹ̀ mọ́ ọn lára, inú eruku yẹn ni àwòrán àti ohùn wà. Àtè ọ̀hún a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mu. Nínú yàrá tó ń móoru, lẹ́bàá ògiri tí òjò ń rin, yóò máa lẹ̀ mọ́ra, yóò sì bu bí búrẹ́dì ọlọ́jọ́ mẹ́rin. Ẹ̀rọ tó ń lù ú náà ń tán lọ. Japan ni VHS, irú kásẹ́ẹ̀tì fídíò tí à ń sọ yìí àti ẹ̀rọ rẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1976, Japan náà ló parí sí: Funai, ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà gbẹ̀yìn, dáwọ́ dúró lóṣù keje ọdún 2016. Èyí tó bá bàjẹ́ lónìí, ara òkú ẹ̀rọ mìíràn la ó ti yọ ẹ̀yà fún un.

Nítorí náà, à ń ké sí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Kí wọ́n wá yàrá kan ní Adó, tí kò móoru, tí òrùlé rẹ̀ ò jò. Kí wọ́n ra ẹ̀rọ fídíò àti ti kásẹ́ẹ̀tì bíi mẹ́rin mẹ́rin tó ṣeé tún ṣe, kọ̀ǹpútà tí wọn yóò dà á sí, àti iná oòrùn, nítorí gbogbo wa la mọ bí iná ṣe ń ṣe wá. Kí wọ́n gba àwọn àgbà tó mọ ẹ̀rọ wọ̀nyí ṣe, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wa méjèèjì, EKSU ní Adó àti FUOYE ní Ọ̀yẹ́, máa kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn. Kí rédíò ìpínlẹ̀ ṣí pẹpẹ tó ń to kásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ sí sílẹ̀, kí iṣẹ́ ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò ṣeé sún síwájú, torí kò ṣeé yára ṣe: kásẹ́ẹ̀tì wákàtí 3 yóò gba wákàtí 3 kó tó wọ kọ̀ǹpútà tán, ẹnì kan ní láti jókòó tì í. Ẹni tó bá sì ni orin tàbí fídíò ló ni ín. Kí wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé e síta.

Òótọ́ ni pé ìjọba àpapọ̀ ní ilé ìpamọ́ fíìmù ní Jos, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé fídíò ìsìnkú bàbá rẹ̀ láti Òmùò lọ sí Jos? Síbẹ̀, ẹ wo oore tí ilé ọ̀hún ṣe. Wọ́n ti gbà pé Shaihu Umar, fíìmù tí Adamu Halilu ṣe ní 1976, ti sọnù pátápátá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i ní 2016. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi í hàn níbi àjọ̀dún fíìmù Berlin ní Jámánì ní 2018. Ẹnì kan ló gbé e sórí pẹpẹ lọ́jọ́ kan tí kò gbé e jù.

Àwọn kan yóò ní ọ̀nà ò dára, owó ìfẹ̀yìntì ń fa wàhálà, ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ kásẹ́ẹ̀tì. A ò fojú kéré ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a ò bá ṣe lónìí, a ṣì lè ṣe é ní ọdún márùn-ún sí i. Ohùn ìyá yẹn ò ní ọdún márùn-ún. Àwọn mìíràn yóò bi wá pé ṣé orin bíi Yahooze, tí wọ́n ní ó ń yin oníjìbìtì, náà yẹ ní pípamọ́? A ní ó yẹ. Lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ ṣàlàyé fún ọmọ wa bí jìbìtì ṣe di ohun tí à ń jó sí, a gbọ́dọ̀ ní ohun tí a ó fi hàn án.

Kí ìjọba tó dá wa lóhùn, ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbé kásẹ́ẹ̀tì kúrò lórí sìmẹ́ńtì. Ẹ tò wọ́n lóòró síbi gbígbẹ, kí oòrùn má pa wọ́n. Èyí tó bá ti bu, ẹ má fi sẹ́nu ẹ̀rọ, yóò ran àwọn yòókù. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ sínú ìwé nígbà tí àwọn tó mọ̀ wọ́n ṣì wà láyé. Bí àwọn ọlọ́mọlanke bá sì pariwo “kọ̀ndẹ́ẹ̀mù” dé iwájú ilé yín, ẹ ta páànù fún wọn, ẹ ta irin sítóòfù, ẹ má ta ẹ̀rọ fídíò.