Iye Òkú Kòrónà ní Èkó: Àwọn Tí A Yẹ̀ Wò Nìkan Ni A Kà

Èrò mi lórí iye àwọn tí àrùn kòrónà pa ní ìlú Èkó kò bá ti ọ̀pọ̀ ènìyàn mu, mo sì mọ̀ pé àwọn kan yóò bá mi jiyàn lórí rẹ̀. Àkọsílẹ̀ ìjọba fi hàn pé àwọn tí wọ́n rí àrùn náà lára wọn ní Ìpínlẹ̀ Èkó lé ní 100,000, pé àwọn tó sì kú nínú wọn kò tó 800. Láti inú iye kékeré yìí ni àwọn kan ti fà á yọ pé irọ́ ni kòrónà, pé àwọn olóṣèlú ló fi jẹun. Àwọn mìíràn ní oòrùn ilẹ̀ wa ló pa á, tàbí pé àgbo ni. Lójú tèmi, iye yẹn kò lè jẹ́rìí sí ọ̀kankan nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Kì í ṣe iye àwọn tí kòrónà pa ní Èkó. Iye àwọn tí àyẹ̀wò bá láàyè tàbí bá lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, tí èsì wọn jáde, tí wọ́n sì wá kú ni. Ẹni tó ka ẹja inú àwọ̀n rẹ̀, tó wá ní iye ẹja tó wà nínú ọ̀sà nìyẹn, kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ rántí bí a ṣe máa ń dúró de ìkéde NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà, lálaalẹ́ ní ọdún 2020, nígbà tí òfin kónílé-ó-gbélé tó bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ti sé gbogbo wa mọ́lé. Èkó ló sábà máa ń ṣáájú, àwọn ìpínlẹ̀ yòókù á sì tò tẹ̀lé e. Bí iye Èkó bá fò sókè, jìnnìjìnnì á bo gbogbo àdúgbò. Bí ó bá wálẹ̀ lọ́jọ́ kejì, àwọn ènìyàn á ki ìbòmú bọ àpò. Bẹ́ẹ̀, ìkéde yẹn kì í ṣe ti àwọn tí àrùn mú lọ́jọ́ náà. Ẹni tí wọ́n ti igi olówùú bọ ọ̀fun àti ihò imú rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé lè má rí èsì rẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ yóò fi parí, ibi àyẹ̀wò tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn sì lè da èsì ọjọ́ mélòó kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí iye bá wálẹ̀, ó lè jẹ́ pé àyẹ̀wò gan-an ló wálẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà ló ń léwájú, kò sì yà mí lẹ́nu, nítorí àwọn tó ń ti òkè òkun bọ̀ àti àwọn tó bá wọn pàdé ni wọ́n kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò. Ẹni tó ń gbé Òkè Pópó, tí kò dé pápákọ̀ òfúrufú rí, ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò?

Láàárín oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kẹwàá ọdún 2020 kan náà, NCDC àti ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn NIMR tó wà ní Yábàá gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ilé káàkiri ìpínlẹ̀ mẹ́rin láti mọ àwọn tí àrùn náà ti gba ara wọn kọjá. Ní Èkó, nǹkan bí ẹni 23 nínú 100 ni. Ìyẹn ju mílíọ̀nù méjì ènìyàn lọ ní ìlú tó tóbi tó báyìí, nígbà tí àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò Èkó kò tíì ju nǹkan bí 20,000 lọ. Ṣé ẹ rí àlàfo náà? Bí ó bá tó bẹ́ẹ̀ lórí àwọn tó wà láàyè, tí a ṣì lè gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn, báwo ni yóò ti rí lórí àwọn tí a ti sin?

Mi ò sọ pé òkú sùn bẹẹrẹ tí ìjọba wá gbé e pamọ́. Ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù láàárín wa, àrùn tó jẹ́ pé àgbàlagbà ló ń wá kiri kò sì lè pa wá tó bó ṣe pa àwọn ará Ítálì. Ṣùgbọ́n a ní àgbàlagbà, wọ́n sì kú. Ẹni tó bá mọ Ìsàlẹ̀ Èkó mọ bí ó ṣe máa ń lọ: bàbá wúkọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ní ibà ni, wọ́n fi oògùn ibà àti àgbo lé e, mímí sú u lóru. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n pe Àfáà, kí ó tó di ìrọ̀lẹ́ wọ́n ti ti ibi ìsìnkú Abari dé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á lẹ ìwé ìkéde mọ́ ara ògiri pé bàbá lọ lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́. Kò sí dókítà tó fọwọ́ kan òkú náà, àwọn ọmọ kò sì fẹ́ kí ó fọwọ́ kàn án, nítorí bí ọkọ̀ ilé ìwòsàn bá fi lè dúró lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo àdúgbò ló máa yà wọ́n sọ́tọ̀. Mi ò bá wọn wí. Ẹ̀rù ló bà wọ́n.

Àwọn kan á ní Èkó kò lè tọpinpin nǹkan. Ó lè ṣe é. Nígbà tí Patrick Sawyer gbé Ebola wọ̀lú lọ́jọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, wọ́n tọpa àwọn tó fara kan aláìsàn ní Èkó àti káàkiri Nàìjíríà, tí iye wọn súnmọ́ 900, wọ́n ń lọ sílé wọn lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 21 láti wo bí ara wọn ṣe gbóná sí. Ẹni 20 péré ni àrùn náà mú ní gbogbo Nàìjíríà, mẹ́jọ kú, Dókítà Ameyo Adadevoh sì wà lára wọn. Àmọ́ Ebola kì í fara pamọ́. Kòrónà lè wà lára ẹni tó ń jẹ àmàlà rẹ̀ láìwúkọ́, kò sì sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè tọpa gbogbo èrò inú dáńfó láti Òbáléńdé dé Ọ̀ṣòdì.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé iye gbogbo òkú, ohun yòówù tó bá pa wọ́n, ló yẹ kí a máa kà. Bí a bá mọ iye ẹni tí a ń sin ní ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí kò sí àjàkálẹ̀, a ó mọ̀ ọ́n nígbà tí iye náà bá lé. Bí wọ́n ṣe ṣe é ní Gúúsù Áfíríkà nìyẹn: àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò wọn fi hàn pé kòrónà pa nǹkan bí 100,000, ṣùgbọ́n àwọn òkú tó lé sórí iye àtẹ̀yìnwá ju 300,000 lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ṣírò rẹ̀ fún gbogbo ayé, wọ́n sì kéde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022 pé àwọn tó lé náà tó mílíọ̀nù 14.9 láàárín ọdún 2020 àti 2021, nígbà tí ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè kọ sílẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 5.4. Ní tiwa, ìfojúdá ni wọ́n fi ṣe é, nítorí a kò ní ìwé tí wọn ì bá wò.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé òfin kò ní kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin ọdún 1999 gbé ìtọ́jú ibi ìsìnkú lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, ó sì tún gbé ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú. Síbẹ̀, ẹni tó bá lọ gba ìwé ẹ̀rí ikú lónìí, owó tí olóògbé ní ní báńkì tàbí ilé tó fi sílẹ̀ ló sábà máa ń lé e débẹ̀. Tálákà tí kò fi nǹkan kan sílẹ̀ kò ní orúkọ níbì kankan.

Ohun tí mo fẹ́ kò ju akọ̀wé kan ní Abari, òmíràn ní ibi ìsìnkú Atan ní Yábàá, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ibi ìsìnkú, tí yóò máa kọ nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀: orúkọ, ọjọ́ orí, àdúgbò, ọjọ́ tí ó kú, àti ohun tí àwọn ará ilé rí lára rẹ̀ kí ó tó kú. Kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì gbé àròpọ̀ rẹ̀ jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní yóò dá ìsìnkú Mùsùlùmí dúró, kò rí bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀ tán, akọ̀wé ti kọ ọ́ tán. Àmọ́ wọn kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, nítorí lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti fi owó sí i ni àwọn ènìyàn yóò padà sí bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀.