Irọ́ ni o, Ààrẹ ò láṣẹ láti dá sún ìdìbò síwájú

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, fóònù mi ò sinmi látàárọ̀, fọ́ìsì nóòtì kan náà ni gbogbo èèyàn ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àwọn ọlọ́kadà Tákíé pàápàá ti ń gbé e kiri, pé tó bá ṣáà ti wu Ààrẹ, ó lè sún ìdìbò síwájú, òfin ló fún un láṣẹ. Irọ́ ni jàre.

INEC ló ń mú ọjọ́ ìdìbò. Abala 132 nínú ìwé òfin 1999 ní ìdìbò Ààrẹ gbọ́dọ̀ wáyé nígbà tó bá ku 150 ọjọ́ sí 30 ọjọ́ kí sáà ẹni tó wà ńbẹ̀ parí. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yẹn ní ṣebí wọ́n sún un ní 2015. Lóòótọ́, Fẹ́búárì 14 ló yẹ kó jẹ́, wọ́n gbé e sí Máàṣì 28, àmọ́ Jẹ́gà, alága INEC ìgbà yẹn, ló kéde ẹ̀, lẹ́yìn táwọn ọ̀gá aláàbò ní àwọn ò ráyè torí Boko Haram (ẹni bá ní ìjọba ló ń tì wọ́n lẹ́yìn, mi ò bá a jiyàn, ìyẹn ọ̀rọ̀ míì). 2019 ńkọ́? Òru mọ́jú ọjọ́ ìdìbò gan-an ni INEC sún un lọ́sẹ̀ kan, àwọn tó ti Èkó wọ mọ́tò wálé torí ìbò ti dé!

Ti ogun ló yàtọ̀ díẹ̀. Bí ogun bá ń jà lórí ilẹ̀ Nàìjíríà gangan, tí Ààrẹ sì rí i pé ìdìbò ò lè ṣeé ṣe, ilé aṣòfin ló lè fi kún sáà ẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ bá mi jù ú sí gúrúùpù tẹ́ ẹ ti gbọ́ tọ̀hún.